Àárín Ọgbà Bàbá Búlọ́ọ̀kù

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í to búlọ́ọ̀kù sí àárín?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin aránṣọ nígbà tó bi Bàbá Búlọ́ọ̀kù ní ìbéèrè yìí. Ṣòkòtò iṣẹ́ Bàbá ni ìyá rẹ̀ fi rán an, èyí tí orúnkún rẹ̀ ti ya tí ìyá náà sì ti bá a lẹ̀. Bàbá gba ṣòkòtò náà, ó na orúnkún rẹ̀ sínú oòrùn, ó ní iṣẹ́ dára. Ọmọ náà kò kúrò. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn ló ti ń tún ìbéèrè yìí sọ lábẹ́ ahọ́n, nítorí ọmọ tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí lọ́fun bí eegun ẹja ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá jáde, ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò tilẹ̀ ráyè kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Bàbá wò ó. Ó yíjú sí àárín ọgbà, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tí wọ́n béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń rántí ibi tó gbé e sí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Máa lọ sílé. Ìyá rẹ á ti máa retí rẹ." Ó sì mú ṣọ́bìrì rẹ̀.

Ọmọ náà sáré délé pẹ̀lú ojú tó ń gbóná. Ó pinnu pé òun kò ní bi àgbàlagbà kankan ní nǹkan mọ́ láyé.

Ohun tí ọmọ náà béèrè kì í ṣe ohun tó fara sin. Ẹni tó bá wọ ọgbà náà lówùúrọ̀ á rí òkìtì yanrìn lápá ọ̀tún, yàrá sìmẹ́ńtì lápá òsì, àti táǹkì omi tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Á rí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, wọ́n jókòó ní ìlà ìlà lẹ́bàá ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fún mọ́ra débi pé ẹ̀gbẹ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ń rìn láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àárín ọgbà ṣófo. Ó gùn tó yàrá mẹ́rin, ó fẹ̀ tó méjì, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ ju òpó irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n máa ń so àwọ̀n mọ́.

Ibẹ̀ làwọn ọmọbìnrin àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Bàbá á pa ẹ̀rọ, ì báà ku búlọ́ọ̀kù méjì kí iṣẹ́ ọjọ́ náà parí. Òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò sí iṣẹ́ tó yá a lọ́wọ́ rí, á wá gbá àárín náà kí òkúta má bàa gún àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń so àwọ̀n. Òun ló ń ra bọ́ọ̀lù, bí èyí tó rà bá sì bẹ́, kì í béèrè ọwọ́ ẹni tó bẹ́ sí. Òun ló ń gbé iṣẹ́ aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù fún aránṣọ lọ́dọọdún, nítorí àwọn ọmọ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò mìíràn, Bàbá á háyà bọ́ọ̀sì, á jókòó ti awakọ̀ níwájú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún kan àwọn ọmọ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọgbà rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ náà. Ó mi orí.

"Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ. Bọ́ọ̀lù ò mọ̀wé."

Àwọn èèyàn kò yé sọ̀rọ̀ nípa àárín náà. Àwọn kan ní kànga tó ti dí wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò lè gbé ẹrù. Jẹ́jẹ́ ní òun ò rí kànga kankan, pé ẹ̀yìn ọ̀gá òun ló ń dùn ún, kò fẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀. "Ìwọ lo ń sọ bẹ́ẹ̀?" ni ìyàwó Bàbá dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. "Ìgbín ń bú ahun pé kò tètè rìn." Síbẹ̀ òun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú. Yàrá iwájú ilé wọn, tó kọjú sí ọgbà náà gan-an, kò tíì rí ẹni rẹ́ ẹ, ihò búlọ́ọ̀kù ṣì ń la ojú sílẹ̀ wo àlejò. Ó máa ń sọ pé gbogbo ìlú ló ń sùn nínú iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun, àfi òun.

Ọjọ́ kan wà tí agbaṣẹ́ṣe kan wá pẹ̀lú iṣẹ́ ilé alájà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka tọ́ka sí àárín.

"Bàbá, bí ẹ bá lè lo ibi tó ṣófo yìí, mi ò ní lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

"Ó ti kún," ni Bàbá wí.

Agbaṣẹ́ṣe wo ilẹ̀, ó wo Bàbá, ó tún wo ilẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mo ní ó ti kún."

Ọkùnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó Bàbá kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin aránṣọ pé ọdún méjìlá, òun náà wọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè kí àwọn tó ga tó gbá a wálẹ̀, iṣẹ́ tó sì yẹ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Olórí ẹgbẹ́ wọn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òpó nítorí gíga rẹ̀, ló sọ ọ́ ní Adákẹ́.

"Pariwo, jọ̀ọ́," Òpó á ní, "ká lè mọ̀ pé ìwọ lo ni bọ́ọ̀lù yẹn. Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe."

"Mo pariwo."

"Inú ẹ lo ti pa á. Àwa ò sí ńbẹ̀."

Bàbá tó jókòó lórí korobá tó dojú dé, lẹ́bàá táǹkì, á máa fi èjìká rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ mọ ẹ̀rín yẹn. Ní gbogbo ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò bá Bàbá sọ ju ẹ kú iṣẹ́ àti ó dàárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó so okùn bàtà rẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn tí kò tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àtijọ́ náà.

Ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àìsàn tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti gbé búlọ́ọ̀kù kan, kò sì lè nàró mọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, ẹnu rẹ̀ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Jẹ́jẹ́ ló gbé e sínú bárò tí wọ́n fi ń kó yanrìn, tó sì fi tì í dé títì níbi tí ọkọ̀ wà. Gbogbo ẹni tó rí Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà ló sọ pé àwọn kò mọ̀ pé ó lè sáré.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Bàbá lò nílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí yàrá iwájú, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ọgbà. Àkọ́bí rẹ̀, tó ń wa lọ́rì ní ọ̀nà jíjìn, fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gba ọgbà náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. Òun àti Jẹ́jẹ́ a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń sá eré bá àwọn oníbàárà tó ti ń lọ sí ibòmíràn. Oògùn Bàbá wà lórí àpótí níwájú ibùsùn, bí ìgò kan bá tán, òmíràn á dúró sípò rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lórí òkìtì yanrìn. Kí ni àwọn lè ṣe? Wọn kò ní owó oògùn. Wọn kò mọ búlọ́ọ̀kù mọ. Òpó ló rí ohun tí gbogbo wọn mọ̀: búlọ́ọ̀kù ń fẹ́ omi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rí Bàbá tó ń fi rọ́bà bomi rin ín, tó ń sọ pé bí ọmọ tuntun ni búlọ́ọ̀kù rí, bí kò bá mu, kò ní lágbára. Kí ni ó kù? Kí wọ́n bá Àkọ́bí àti Jẹ́jẹ́ bomi rin ín, kí iṣẹ́ dínkù lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àkọ́bí ti lọ gbé sìmẹ́ńtì, Jẹ́jẹ́ ń sùn lábẹ́ ibòji táǹkì. Wọn kò jí i, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un. Ẹni tó mú korobá mú korobá, ẹni tó mú agolo mú agolo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, wọ́n ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìlà tó sún mọ́ ẹ̀rọ, Adákẹ́ rí i pé àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju ti ìyókù lọ. Ó dúró. Ó rántí pé nígbà kan Bàbá gbé rọ́bà omi fo irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọjá. Bàbá ní, "Ìyẹn ò tíì sùn." Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lónìí kì í mu omi, àfi bí ilẹ̀ bá mọ́.

Adákẹ́ la ẹnu. Òpó ti gbé korobá rẹ̀ sókè, àwọn yòókù ń kọrin, inú wọn ń dùn. Ta ni òun tó máa dá wọn dúró? Bí òun bá sì ṣì í gbọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Òun náà da agolo tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí etí búlọ́ọ̀kù fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ wọn wó, wọ́n ń rọra jókòó bí àgbà tó rẹ̀, títí ìlà méjì fi di ẹrọ̀fọ̀ aláwọ̀ eérú. Orin dákẹ́. Jẹ́jẹ́ jí, ó dìde lórí orúnkún.

"Ẹ ti pa mí," ni ó wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Láti àárọ̀ la ti ń mọ ọ́n. Èyí tí mo fi ara mi ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni Àkọ́bí ṣe bá wọn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ sìmẹ́ńtì kalẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrọ̀fọ̀ náà sínú bárò. Nígbà tó kó o tán, ó lọ sí àárín ọgbà, ó tú àwọ̀n, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé Òpó lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Òpó wí. "A fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. Mi ò bá yín jà." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Láti ọ̀túnla, àárín yìí ni màá máa to búlọ́ọ̀kù sí. Ẹ lọ wá ibòmíràn."

"Kò síbòmíràn o. Ọkọ̀ ló kún títì, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ti kọ́lé sí i."

"Bàbá mi ń lo oògùn, àbúrò. Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa rà á?" Ó wo ojú fèrèsé. "Ká ní ó sọ ìdí rẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo bi í, màmá mi bi í títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Kò sọ. Ohun tí kò nídìí, mi ò lè máa fi ara mi ṣọ́ ọ."

Àwọn ọmọ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ojú fèrèsé, Adákẹ́ rí orí Bàbá lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òpó irin méjèèjì tí nǹkan kan kò so mọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, Adákẹ́ kò jẹun. Ìyá rẹ̀ ń pa etí aṣọ kan, abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó fi ń há aṣọ mọ́ra wà ní ètè rẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ díẹ̀díẹ̀: pé òun mọ̀, pé òun rí i, pé òun dákẹ́. Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Kí lo wá ń sọ ọ́ fún mi sí? Ṣé èmi ni mo mọ búlọ́ọ̀kù?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi."

"Gbé ẹ̀rù náà dání, kẹ́ ẹ jọ lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá débẹ̀, ẹnu rẹ á bá a."

Ó lọ. Yàrá iwájú náà kéré, ó ń rùn oògùn àti ọṣẹ. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kan fara ti ògiri tí wọn kò rẹ́. Ìyàwó Bàbá jókòó létí ibùsùn, ó ń gé èékánná ọwọ́ tó kú náà, ó ń gé e pẹ̀lú sùúrù bí ẹni pé ọwọ́ ọmọ ìkókó ni. Àkọ́bí wà lórí àga, ó ń fi wáyà so etí korobá tó já. Adákẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò dé àárín yàrá.

"Ẹ kú ìnira, Bàbá. Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́." Ó mí. "Èmi ni mo ba búlọ́ọ̀kù yẹn jẹ́."

"Gbogbo yín lẹ bà á jẹ́," ni Àkọ́bí wí, kò gbé ojú kúrò lára wáyà.

"Àwọn ò mọ̀. Èmi mọ̀. Mo mọ̀ pé ti òní kì í mu omi."

Ọwọ́ Àkọ́bí dúró. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Láti orí ibùsùn ni ìbéèrè ti wá, nípọn, pẹ̀lú ohùn tí ètè kan ṣoṣo ń ti jáde.

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlélógójì, Bàbá," ni Àkọ́bí wí.

Èjìká òsì Bàbá mì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. "Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀," ni ó wí, "igba ni mo bomi lé. Èmi nìkan. Ọ̀gá mi... fi ìgbálẹ̀ lé mi yí ọgbà ká."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "O ò sọ èyí fún mi rí."

"O ò bi mí."

"Mo bi ọ́ ní èyí tó jù ú lọ, ìwọ lo mọ ohun tí o fi dá mi lóhùn," ni obìnrin náà wí, ó sì tún tẹ orí ba èékánná.

Adákẹ́ mọ̀ pé bí òun bá dìde báyìí, wọ́n á ní kó máa lọ, wọ́n á sì ti dárí jì í. Ní ọ̀la, búlọ́ọ̀kù á dé àárín. Ọ̀rọ̀ tún wá dúró lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ní ibi tó máa ń dúró sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún rẹ̀, ó sì tì í jáde.

"Bàbá, mo bi yín ní nǹkan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ ò dá mi lóhùn. Kí ló dé tí ẹ kì í to búlọ́ọ̀kù sí àárín?"

Ìyàwó Bàbá gbé ohun ìgékánná sílẹ̀. Àkọ́bí fi korobá sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ṣe é jẹ́jẹ́ kó má dún. Bàbá yí orí sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó wò ó bó ṣe wò ó lọ́jọ́ ṣòkòtò yẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò wá nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, bí ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù tútù kalẹ̀ tí kò fẹ́ kí etí rẹ̀ ṣẹ́.

"Mo bá wọn níbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo ra ilẹ̀ yìí, mo gbé èèkàn wá, mo gba lọ́rì yanrìn kan. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ń gbá bọ́ọ̀lù. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi ṣe àwọ̀n. Mi ò lé wọn. Wọ́n kàn rí lọ́rì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn wọn, bí ẹni tí wọ́n ti lé kúrò níbi púpọ̀ rí. Èyí tó kéré jù nínú wọn ò tú tiẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ máa lò?' Ìwé ilẹ̀ wà lápò mi. Mo ní rárá, mi ò ní lo gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ọmọ náà, mi ò sì mọ ibi tó wà lónìí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó máa kí mi, ẹ ó ní mo ṣe oore. Oore kọ́. Ilẹ̀ yẹn, èmi ni mo ra ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn ló ni àárín. Ìwọ ọmọ mi, bí o bá fẹ́ to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, má bi mí. Àwọn ni kí o bi."